Ojú Ohun Líle Tí Ń Dàgbà

Gbogbo ohun líle ni ó ní ojú. Ojú yìí ni ibi tí ohun náà parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ń dàgbà, bí ó bá jẹ́ ohun tí ń dàgbà. Ìdàgbàsókè ohun líle kò dà bí ti ènìyàn tàbí ti ẹranko, tí oúnjẹ ń bọ́ láti inú wá. Bí ọ̀mọ̀lé ṣe ń gbé amọ̀ lé amọ̀ títí ògiri yóò fi ga, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi dídì, iyọ̀ àti irin ṣe ń tóbi: èérún kan á wá, á lẹ̀ mọ́ ojú, òmíràn á tún wá, á lẹ̀ mọ́ ti ìṣáájú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí, ènìyàn lè rò pé ojú tí ó tẹ́jú ní òwúrọ̀ yóò máa tẹ́jú lọ títí di alẹ́, àti pé ohun róbótó kékeré yóò kàn di ohun róbótó ńlá. Ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, ojú tí ó jọ̀lọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwo. Ìwo á yọ ẹ̀ka. Ẹ̀ka á tún bí ẹ̀ka, títí ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo yóò fi dà bí igi. Kí ni ó ń fa èyí? Ìgbà wo ni ó sì ń ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè méjì yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí, ìdáhùn tí wọ́n rí sì wúlò ju bí ẹnikẹ́ni ti lérò lọ.

Òjò-dídì ni ó kọ́kọ́ mú ìbéèrè náà wá. Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gidigidi, omi inú àwọsánmà a máa dì, a sì máa bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹyọ kan nínú rẹ̀, a ó rí i pé apá mẹ́fà ni ó sábà ń ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè yọ ẹ̀ka ní ọ̀tún àti ní òsì bí imọ̀ ọ̀pẹ. Ní ọdún 1611, Johannes Kepler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní ààfin ọba ní ìlú Prague, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan, ó fi ṣe ẹ̀bùn ọdún tuntun fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé náà ni ó ti béèrè ìdí rẹ̀ tí apá òjò-dídì fi ń jẹ́ mẹ́fà, tí kì í jẹ́ márùn-ún tàbí méje. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò rí òkodoro rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó tó nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi ìtànṣán X wádìí inú omi dídì, tí wọ́n sì rí i pé onígun mẹ́fà ni àwọn èérún omi ń to ara wọn sí nínú rẹ̀, bí ihò inú afárá oyin.

Láàárín ìgbà náà, àwọn mìíràn kò káwọ́ gbera. Ní abúlé Jericho ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilson Bentley. Ní ọdún 1885 ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹyọ òjò-dídì kan, kò sì dẹ́kun iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1931. Àwòrán tí ó yà lé ní 5,000. Ní ilẹ̀ Japan, ọ̀jọ̀gbọ́n Ukichiro Nakaya ti Yunifásítì Hokkaido lọ jù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936, ó ṣe ẹyọ òjò-dídì fúnra rẹ̀ nínú yàrá òtútù, ó sì mú kí ó so mọ́ ṣóńṣó irun ehoro. Ó ṣàkíyèsí pé bí òtútù bá ti mú tó, àti bí omi inú afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó, ni ìrísí ẹyọ náà ń rí. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 Celsius lábẹ́ òdo, ó máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo, tí omi sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó máa ń di ìràwọ̀ ẹlẹ́ka. Ṣùgbọ́n bí omi inú afẹ́fẹ́ bá kéré, tí ẹyọ náà ń fara balẹ̀ dàgbà, kì í yọ ẹ̀ka rárá. Pẹrẹsẹ onígun mẹ́fà tàbí òpó kúkúrú ni yóò jẹ́.

Àkíyèsí yìí fi hàn pé ìdí tí apá fi jẹ́ mẹ́fà yàtọ̀ sí ìdí tí ẹ̀ka fi ń yọ. Ètò àwọn èérún ni ó ń pàṣẹ mẹ́fà; bí oúnjẹ ṣe ń dé ojú ohun tí ń dàgbà ni ó ń pàṣẹ ẹ̀ka. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn obìnrin tí wọ́n pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí gbogbo wọn bá jókòó ní ìlà kan ṣoṣo, oníbàárà yóò kárí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gbé àtẹ rẹ̀ síwájú díẹ̀, òun ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ kàn. Wọn yóò tọ̀ ọ́ wá láti iwájú, láti ọ̀tún àti láti òsì, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa wò ó. Bí ó bá wá fi èrè rẹ̀ fẹ àtẹ náà síwájú sí i, èrè ọ̀la yóò ju ti òní lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹyọ òjò-dídì. Oru omi tí ń rìn kiri nínú afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ ni ó yọrí síta jù, àwọn ni oru náà sì kọ́kọ́ ń bá pàdé. Wọ́n jẹun ju ìyókù ara lọ, wọ́n tún yọrí síta sí i, wọ́n sì tún jẹun sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé agbára yìí nìkan ni ó wà, kò ní sí ohun líle kan tí ojú rẹ̀ yóò jọ̀lọ̀ láé. Ṣùgbọ́n agbára kejì wà tí ń kọjú ìjà sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí omi òjò lórí ewé kókò mọ̀ pé omi náà kì í tẹ́ sílẹ̀. Ńṣe ni ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn èérún omi ń fa ara wọn mọ́ra, wọn kò sì fẹ́ kí ojú wọn fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun líle náà ní irú agbára yìí. Èérún tí ó wà ní àárín ojú tí ó tẹ́jú ní alábàágbé púpọ̀ tí ó dì í mú. Èyí tí ó wà ní ṣóńṣó mímú kò ní alábàágbé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún un láti já kúrò. Bí ṣóńṣó bá ti mú tó ni ó ṣe ń tètè yọ́ padà tó. Agbára kìn-ín-ní ń sọ fún gegele pé kí ó ga; agbára kejì ń sọ fún un pé kí ó wálẹ̀. Èwo ni yóò borí? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ìṣirò ni ó lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni Josef Stefan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Vienna ní ilẹ̀ Austria. Ní ọdún 1891, ó tẹ ìwé jáde lórí bí omi dídì ṣe ń nípọn lójú òkun ìhà àríwá ayé. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé omi kì í dì láìtú ìgbóná jáde. Ìgbóná tí omi kan ń tú jáde nígbà tí ó bá dì pọ̀ tó èyí tí ó lè gbé omi tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a dọ́gba láti òdo dé nǹkan bí 80 Celsius. Bí ìgbóná yìí kò bá rí ọ̀nà lọ, dídì yóò dúró. Lójú òkun náà, afẹ́fẹ́ tútù wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, omi dídì sì wà láàárín wọn bí aṣọ ìbora. Ìgbóná ní láti gba inú omi dídì kọjá kí ó tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Bí ìbora náà bá ti nípọn tó ni ìrìn rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ìṣirò fi hàn pé bí ó bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́jọ́ kan, yóò gbà á ní ọjọ́ 4 kí ó tó di 20, àti ọjọ́ 9 kí ó tó di 30, bí òtútù afẹ́fẹ́ kò bá yí padà.

Ní irú ipò yìí, abẹ́ omi dídì kì í yọ ìwo. Bí gegele kan bá yọ níbẹ̀, omi dídì ti nípọn jù ní ibi tí ó wà, ìgbóná rẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó jáde. Dídì rẹ̀ yóò falẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì bá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà. Omi tí ó mọ́, tí kò sì mì, lè tutù ju òdo lọ láìdì. Bí a bá ju ìwọ̀nba omi dídì kékeré kan sínú rẹ̀, dídì yóò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìgbóná tí ó ń tú jáde yóò sì máa lọ sínú omi tútù tí ó wà níwájú. Gegele tí ó bá yọ nísinsìnyí ti na orí sínú omi tí ó tutù jù. Ìgbóná rẹ̀ ń jáde nírọ̀rùn níhà gbogbo, nítorí náà ó ń yára dì ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Omi kan náà ni, òfin kan náà ni. Ìhà tí ìgbóná ń lọ nìkan ni ó yàtọ̀. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, ojú ohun líle ń wo àléébù ara rẹ̀ sàn. Ní ọ̀nà kejì, ó ń sọ àléébù kékeré di ńlá.

Ní ọdún 1963 àti 1964, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, William Mullins àti Robert Sekerka, fi ìṣirò kan hàn tí ó la ọ̀rọ̀ náà já. Ọgbọ́n tí wọ́n lò rọrùn láti sọ. Wọn kò gbìyànjú láti ṣírò gbogbo ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí a gbà pé ojú ohun líle ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ṣùgbọ́n kí ó ní ìgbì kéékèèké tí ojú kò lè rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi ìṣirò léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ìgbì yìí yóò ha ga sí i, tàbí yóò rọlẹ̀? Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé bí ìgbì bá kúrú jù, tí orí rẹ̀ sì sún mọ́ ara wọn, agbára tí ń ká ojú jọ yóò pa á rẹ́. Bí ó bá gùn jù, yóò dàgbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn, nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Láàárín méjèèjì, ìwọ̀n kan wà tí ó yára dàgbà ju gbogbo ìyókù lọ. Ìwọ̀n yìí ni ó sábà ń pinnu bí ẹ̀ka yóò ṣe jìnnà sí ara wọn tó.

Wọ́n tún ṣírò ohun róbótó tí ń dàgbà. Ìwọ̀n kan wà tí ó jẹ́ pé bí èérún róbótó bá kéré jù ú lọ, yóò yọ́ padà. Bí ó bá tóbi jù ú lọ, yóò máa dàgbà. Mullins àti Sekerka rí i pé títí ohun náà yóò fi tóbi dé ìlọ́po 7 ìwọ̀n yìí, kò séwu, róbótó ni yóò máa jẹ́. Nígbà tí ó bá kọjá ìlọ́po 7, ojú rẹ̀ kò lè dúró ṣinṣin mọ́, gegele tí ó kéré jù lọ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé ohun tí ó dà bí àṣà ìṣẹ̀dá lásán ní ààlà tí nọ́ńbà lè tọ́ka sí.

Ẹni tí kò bá mọ bí gegele wọ̀nyí ṣe ń dàgbà lè fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ìdàgbà wọn dà bí owó èlé sogúndogójì, níbi tí 20 ti ń di 40, tí 40 sì ń di 80. Bí gegele kan bá ga ní ìdá 1 nínú 1,000,000 mìlímítà, tí ó sì ń di ìlọ́po 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10 kò tíì sí ẹni tí yóò fi ojú lásán rí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 20, bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, gíga rẹ̀ yóò ti kọjá mìlímítà 1. Ní ìdajì àkókò náà, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun kan tí ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ka bá ti yọ tán, ìṣirò Mullins àti Sekerka kò tó mọ́, nítorí orí ìgbì kéékèèké ni ó dúró lé. Ní ọdún 1981, Thomas Witten àti Leonard Sander lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti wo ohun tí ó kù. Wọ́n fi èérún kan sí àárín. Wọ́n wá rán òmíràn láti ọ̀nà jíjìn, kí ó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí tí kò mọ ọ̀nà ilé, títí yóò fi kan ti àárín, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún rán òmíràn, àti òmíràn, títí wọ́n fi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí ó jáde kì í ṣe òkìtì, bí kò ṣe igi ẹlẹ́ka tẹ́ẹ́rẹ́ tí àyè pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó ṣòro fún alárìnkiri láti wọ inú láìkọ́kọ́ fara kan ṣóńṣó ẹ̀ka. Bí a bá to òkúta pẹlẹbẹ sí ilẹ̀ ní ìrísí àwo, tí a sì sọ ìbú àwo náà di ìlọ́po 2, iye òkúta yóò di ìlọ́po 4. Ṣùgbọ́n bí igi ẹlẹ́ka yìí bá fẹ̀ di ìlọ́po 2 lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, iye èérún inú rẹ̀ kàn ń di nǹkan bí ìlọ́po 3 àti díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó kọ́ èérún wọ̀nyí ní iṣẹ́ ọnà. Òfin tí ó rọrùn ni wọ́n tẹ̀ lé.

Kì í ṣe inú òjò-dídì nìkan ni irú igi yìí ti ń hù. Nígbà tí ide yíyọ́ bá ń dì nínú amọ̀ tí a fi dà á, ẹ̀ka kéékèèké ni ó sábà ń kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó le. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni ide tí àwọn asude Ifẹ̀ ayé àtijọ́ fi ṣe àwọn orí tí a hú jáde ní ọdún 1938 gbà kọjá. Bí ẹ̀ka wọ̀nyí bá ti wẹ́ tó tàbí tóbi tó wà lára ohun tí ń pinnu bí irin tí a dà ṣe ń lágbára tó, nítorí náà àwọn tí ń da irin fún ẹ̀rọ àti ọkọ̀ òfuurufú kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìṣirò yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lọ ní ayé òde òní ni inú bátìrì lítíọ́mù, irú èyí tí ó wà nínú tẹlifóònù alágbèéká. Lítíọ́mù jẹ́ irin tí ó fúyẹ́ jù lọ, ó sì lè gba agbára iná púpọ̀ mọ́ra. Bí a bá fi irin náà gan-an ṣe apá kan bátìrì, nígbàkúùgbà tí bátìrì bá ń gba iná ni èérún lítíọ́mù yóò máa la inú omi kẹ́míkà wá, tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ojú irin náà. Ojú yìí ń dàgbà, bí ojú òjò-dídì ti ń dàgbà. Gegele tí ó bá yọ síta ni yóò gba èérún jù. Yóò di ìwo, ìwo yóò di ẹ̀ka, ẹ̀ka yóò sì máa nà lọ sí ìhà kejì bátìrì. Ohun tí ó la ìhà méjèèjì láàárín jẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn tó irun orí ènìyàn. Ní ọjọ́ tí ẹ̀ka bá gún awọ yìí já, iná méjèèjì yóò pàdé, bátìrì yóò gbóná, ó sì lè gbiná. Ní ọdún 1989, bátìrì onírin lítíọ́mù tí a ṣe ní ilẹ̀ Kánádà fún tẹlifóònù gbiná, wọ́n sì ní láti kó wọn padà kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó rà wọ́n.

Ní ọdún 1991, ilé iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan gbé irú mìíràn jáde fún títà. Nínú èyí, lítíọ́mù kì í lẹ̀ mọ́ ojú irin. Inú irú èédú kan ni ó ń wọ̀ lọ fara pamọ́ sí. John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, tí iṣẹ́ wọn la ọ̀nà fún bátìrì yìí, ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́míkà ní ọdún 2019. Síbẹ̀, bí a bá fi agbára ti iná sínú rẹ̀ jù, tàbí bí a bá ń fi iná sí i nínú òtútù líle, lítíọ́mù lè má ráyè wọlé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ojú. Ìṣirò kan tí Henry Sand ti ṣe láti ọdún 1901 kìlọ̀ nípa irú ìkánjú yìí. Ó fi hàn pé bí iná bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, àkókò kan ń bọ̀ tí èérún yóò tán lẹ́bàá ojú irin, tí ohun tí ó wà nítòsí kò ní tó pín mọ́. Láti ìgbà náà lọ ni ẹ̀ka máa ń yára yọ. Bí a bá sọ iná náà di ìlọ́po 2, kì í ṣe ìdajì àkókò ni yóò ṣẹ́kù, bí kò ṣe ìdá 1 nínú 4. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìṣirò Sand fi ìwọ̀n sí ọ̀rọ̀ wọn.

Láti inú èyí ni a ti lè rí iṣẹ́ tí ìṣirò ń ṣe. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe náà sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sọ bí ẹ̀ka náà yóò ti kéré tó, tàbí ọjọ́ tí ó kù kí ó tó di ohun tí apá kò ká. Ohun tí ìṣirò fi kún un nìyẹn: ó ń sọ èyí tí yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú àwọn gegele tí ojú kò rí, ó ń sọ èyí tí yóò di igi, ó sì ń sọ àkókò tí ó kù. Nígbà tí Kepler ń wo òjò-dídì ní ọdún 1611, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìbéèrè rẹ̀ yóò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tí ń ṣe bátìrì tí kò ní jó ilé àwọn tí ó rà á ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó jọ ọ́: kí ni ó mú kí ojú yìí yọ ẹ̀ka, kí sì ni a lè ṣe kí ó máa tẹ́jú?